Orí Kẹrin: Èkejì Fẹ̀yìntọlá

Omi ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí Jọláadé wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ tó sọ fún un. Ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, nítorí òtútù tó máa ń gbá a lójú bó bá ti rì kò wá. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ní ìlú Òkè-Omi, níbi tí gbogbo ilé ti léfòó, tí a fi okùn so wọ́n mọ́ Ògiri Iyùn bí ẹní so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ rárá.

Ó tan iná tó wà níwájú orí rẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri. Aṣógiri ni, ìṣọ́ apá tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu-ibodè tó fi dé abẹ́ ilé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó jẹ́ àwọ̀ oyin lọ́sẹ̀ tó kọjá ti funfun. Ẹ̀ka iyùn kan funfun, èkejì rẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ funfun lọ rẹrẹẹrẹ títí tí iná rẹ̀ kò fi ríran mọ́.

Ẹni tí kò bá gbé Òkè-Omi rí lè rò pé òkúta ni iyùn. Irọ́ ni. Ẹran ni. Inú ara rẹ̀ ni àwọn ewéko tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń fi oòrùn se oúnjẹ fún un. Àlejò là ń pè wọ́n. Irú àlejò tó ń dáná fún onílé, ẹ rí i pé wọn kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, orí onílé á dàrú, á lé gbogbo wọn síta, á wá jókòó sínú ilé òfìfo pẹ̀lú ebi. Bí ebi yẹn bá pẹ́, Ògiri á kú. Bí Ògiri bá kú, ìgbì òkun kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Nígbà tí Jọláadé dé abẹ́ ilé tirẹ̀, ó dúró. Ibì kan tó tóbi tó ẹní tí èèyàn méjì lè sùn sí wà níbẹ̀ tí kò funfun. Àwọ̀ tábà ni, ó dúdú, ó sì ń dán. Iyùn ibẹ̀ na ọwọ́ wọn kéékèèké síta, wọ́n ń jẹun bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ooru kò kàn wọ́n.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rù ló bà á. Nínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi dúdú náà ni ohun tó ti ń fi pamọ́ wà: ìkarawun ńlá kan tó gbòòrò bí abọ́ ìfọṣọ, tó la ẹnu sílẹ̀ sí oòrùn. Èkejì ọkọ rẹ̀ ni, ìkarawun tí wọ́n sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí lẹ́nu nígbà tí wọ́n bí i. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé àlejò láàyè láàyè dà sórí Ògiri, àwọn àlejò tí òfin kò mọ̀.

Fèrè dún lókè. Ọkọ̀ olùbẹ̀wò ti dé.

*

"Ẹ kú àárọ̀, Aṣógiri."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ tètè dé lónìí."

"Ooru ló tètè dé," ni Ọ̀gá Máfimíṣẹbi wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Òkè-Omi ni òun náà. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń ran àwọ̀n ní ìparí afárá. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ògiri gbà á síṣẹ́ ni òfin jáde pé kí gbogbo ìlú kó ìkarawun wọn wá fọ́, òun ló sì kọ́kọ́ gbé èkejì ara rẹ̀ wá sí èbúté lọ́jọ́ ìfọ́, kí àwọn yòókù lè rí i pé kì í ṣe ikú. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ ti le báyìí.

Lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, lórí apá Ògiri tó jẹ́ ti Adéjùmọ̀ aládùúgbò, ẹ̀rọ náà ń rákò bọ̀. Orúkọ tí Ìgbìmọ̀ sọ ọ́ gùn, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Aláṣejù ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó tóbi tó ọkọ̀ apẹja, ó fẹsẹ̀ di Ògiri mú bí akàn, apá méjì ló sì ní. Bó bá rí iyùn funfun, apá kan á tú àlejò tuntun sí i lára. Bó bá rí iyùn tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àjèjì, apá kejì á jó o di eérú lábẹ́ omi.

Máfimíṣẹbi na àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. "Ẹ wo èyí. Abẹ́ ilé yín ni."

Jọláadé wò ó. "Ó lè jẹ́ òjìji ilé ni, ọ̀gá."

"Òjìji kì í ní àwọ̀ oríṣiríṣi lábẹ́ iná búlúù. Ìkarawun kan kì í sábà gba ju irú àlejò méjì mẹ́ta lọ. Èyí tí mo rí níbí, bí ọjà ló rí. N ò rí irú rẹ̀ rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "N kò tíì fi ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀. Kí Aláṣejù tó parí apá ti Adéjùmọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí. Ẹ ha ibẹ̀ kúrò, kí ẹ sì pa ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá dé tí ibẹ̀ bá mọ́, n kò rí nǹkan kan."

"Bí kò bá mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ mọ òfin."

Ó mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí wọ́n tú okùn ilé Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ nítorí ìkarawun kan ṣoṣo. Ọkọ̀ méjì ló fa ilé náà gba ẹnu-ibodè kọjá sí ẹ̀yìn Ògiri, tìyá tọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání nítorí kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kó gbé. Kò sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́.

"Ọ̀gá, gbogbo Ògiri ló ń funfun. Ibi dúdú yẹn nìkan ló ń jẹun. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ pé àwọn àlejò tí òfin kò mọ̀ máa ń fara da ooru ni? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ahun ni wọ́n. Wọn kì í bọ́ onílé yó. Iyùn tó bá gbà wọ́n á wà láàyè, àmọ́ kò ní tètè ga, òkun sì ń ga lọ́dọọdún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà nílé mi, Aṣógiri. Bí Ògiri yìí kò bá ga, orí rẹ̀ ni omi á gbà wọlé bá a. Àlejò Kìíní nìkan ló ń mú un ga, ìdí nìyẹn tí òfin fi gba òun nìkan láyè."

"Àlejò Kìíní ti sá lọ."

"A ó tú òmíràn sí i."

"Sínú omi gbígbóná yìí kẹ̀? Wọ́n á tún sá."

Máfimíṣẹbi wo omi títí, bí ẹni tó ń retí kí omi bá òun sọ nǹkan tó dáa ju èyí tí òun mọ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì Àlejò Kìíní kan fún un láti inú ọkọ̀. Bí àṣà iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn: aṣógiri kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Aláṣejù ní ẹnu-ibodè kó tó wọ apá tirẹ̀.

"Kí ẹ rí i pé nǹkan kan kò dà pọ̀ mọ́ ọn," ló wí. "Ohun tó bá wà nínú ikùn rẹ̀ ló mọ̀ ní àlejò. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, iná ni."

Ọkọ̀ rẹ̀ yí padà. Jọláadé dúró sórí afárá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, gbólóhùn yẹn sì ń yí lórí rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ikùn rẹ̀ ló mọ̀ ní àlejò. Ó wo ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí ohun tó ń rò yé òun fúnra rẹ̀ tán, ó wọlé lọ.

*

Ìyá Fẹ̀yìntọlá, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, nídìí ihò tí wọ́n fi díńgí tó mọ́ gaara bo ní àárín ilẹ̀ ilé. Ó tẹ orí ba, ó ń wo ìsàlẹ̀ omi.

"Ó ti la ẹnu," ni ìyá náà wí láìgbójú sókè. "Ọkọ rẹ jí ire."

Ohun tó ń wí láràárọ̀ nìyẹn, láti ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá ti wa ọkọ̀ gba ẹ̀yìn Ògiri lọ láti lọ wá ẹja, tí kò padà. Ní Òkè-Omi, kò sí ilẹ̀ tí a lè ri ìwọ́ ọmọ mọ́. Nítorí náà ni àwọn ìyá wa ṣe máa ń gbé ìwọ́ fún ìkarawun kékeré kan ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n á sọ orúkọ ọmọ sí i lẹ́nu. Ìkarawun náà á di èkejì ọmọ, wọn á jọ máa dàgbà. Bí èkejì bá ṣì ń la ẹnu sí oòrùn, ọmọ ń mí níbikíbi tó bá wà. Jọláadé kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, pé ọkọ àti ẹran omi ni òun fẹ́ fẹ́ pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Fẹ̀yìntọlá kò padà, kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ̀. Ta ló kú tí wọ́n fi ń sunkún? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ilé kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì sunkún.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: àwòrán tó wà lọ́wọ́ olùbẹ̀wò, ibi dúdú, okùn ilé. Ó sọ ohun tó ń rò pé àwọn lè ṣe.

"Àlejò tó wà lára rẹ̀ ni n ó bù sínú ikùn Aláṣejù, Màámi. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní jó o mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú u sí gbogbo Ògiri láti ibí dé ìparí ìlú. Ṣùgbọ́n..." Ó wo díńgí ilẹ̀. "Wọn kì í yọ kúrò nínú ẹran rẹ̀ láìjẹ́ pé a pa á."

Ìyá náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì pọ́n.

"O fẹ́ pa ọkọ rẹ."

"Màámi, ọkọ mi ti kú."

Kò sẹ́ni tó tíì sọ gbólóhùn yẹn nínú ilé náà rí. Ó dún bí ìgbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ìyá Fẹ̀yìntọlá yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó tún tẹ orí ba díńgí. Láti òkèèrè, ìró Aláṣejù ń bọ̀ lábẹ́ omi, ó ń gbọn ilẹ̀ ilé jẹ́jẹ́.

Jọláadé mú ọ̀bẹ. Bí ìyá kò bá gbà, òun á dá a ṣe. Ta ni yóò dúró máa wo ibi tí wọ́n ti ń fa òun àti arúgbó lọ sẹ́yìn Ògiri?

Ó rì. Ó gba apá tí òjìji rẹ̀ kò ní ṣubú lé ìkarawun náà, nítorí bí òjìji bá kàn án, á pa ẹnu dé, kò sì sí agbára tó lè là á. Ó yí iná orí rẹ̀ sí àwọ̀ búlúù láti rí ibi tí iṣan rẹ̀ wà. Ètè ńlá náà tàn yòò lábẹ́ iná: àwọ̀ ewé níbí, àwọ̀ wúrà lọ́hùn-ún, pupa, àwọ̀ aró, wọ́n wọ inú ara wọn láìsí ààlà. Olùbẹ̀wò kò purọ́. Ọjà ni.

Ó na ọ̀bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Ó tún un nà. Ó tún kọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹran ni, pé ẹran omi lásán ni, pé òun ti fọ́ ti àwọn aládùúgbò lọ́jọ́sí láìmikàn. Ṣùgbọ́n ètè náà ń mì sókè sódò bí àyà ẹni tó sùn, òun tó fi ìgbàgbọ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà èwe sì rí i pé òun gbà á gbọ́. Òun náà ti ń fetí sílẹ̀ láràárọ̀ kí ìyá wí pé ó ti la ẹnu. Ó pariwo sínú ohun tó fi ń mí.

Kò lè pa á. Ó gé àwọn fọ́nrán tó fi di òkúta mú, ó wé e sínú àwọ̀n, ó sì so okùn ìfami mọ́ ọn.

*

Nígbà tó ṣí díńgí, tí ìkarawun náà gba ihò ilẹ̀ yọ, tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, Jọláadé gbé e sínú ọpọ́n omi níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"N kò lè ṣe é," ló wí. "Ẹ dáríjì mí. N kò lè ṣe é."

Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti rí ọmọ rẹ̀ tó sún mọ́ òun tó báyìí. Ó fi ìka kan kan ètè náà, ó sì pa ojú dé. Nígbà tó yá ó ní, "Tan iná búlúù rẹ sí i."

Jọláadé tàn án.

"Kí ló ṣe ní àwọ̀ púpọ̀ tó báyìí? Nígbà tí mo gbé e fún un, àwọ̀ ewé lásán ni."

"Olùbẹ̀wò náà kò mọ̀ ọ́n, Màámi. Ó ní bí ọjà ló rí."

Fèrè dún ní apá ti Adéjùmọ̀. Ẹ̀rọ náà ti dé ìdajì.

"Lọ́jọ́ tí ẹ ń fọ́ wọn ní èbúté," ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀, "omi dà bí omi ìdí tábà. Ìwọ wà lọ́hùn-ún, o kò rí i. Èmi ni mo jókòó síbí. Abẹ́ ilé wa ni omi náà gbà kọjá, gbogbo ohun tó jáde lára èkejì àwọn ọmọ ìlú. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé á pa ẹnu dé kí májèlé má wọ̀ ọ́. Kò pa á dé. Ó là á sílẹ̀ gbàgà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe." Ohùn rẹ̀ já. "Ó ń gbà wọ́n sílé ni."

Jọláadé wo ètè tó ń tàn náà. Ó tún rí Adéjùmọ̀ lọ́jọ́ ìfọ́ tó gbé ti ọmọbìnrin rẹ̀ wá nínú agbada. Ó rí Ìyá Mọ́jọyìn, aládùúgbò wọn kejì, tó gbé méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

"Ìyá Mọ́jọyìn ń kí mi láràárọ̀," ni ìyá náà wí. "Á kí mi tán, á béèrè àlàáfíà ọmọ mi. Ti àwọn ọmọ tirẹ̀ ti fọ́, tèmi wà lábẹ́ ilé, mo sì ń dá a lóhùn. Kò sí ọjọ́ tí ojú kì í tì mí. Mo rò pé tèmi nìkan ni mo fi pamọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Bí a bá tú u sí Ògiri, ṣé gbogbo wọn ló máa lọ?"

"Gbogbo wọn, Màámi."

"Ṣé Ògiri á gbà wọ́n?"

Jọláadé lè purọ́. Kò purọ́. "N kò mọ̀. Ibi dúdú abẹ́ ilé gbà wọ́n."

Ìyá náà fa ọ̀bẹ mọ́ra. Àṣà ti là á kalẹ̀ pé ìyá tó sọ orúkọ sí èkejì lẹ́nu nìkan ló lè gbà á padà. Bó bá sì ti gbà á, kò gbọdọ̀ bá èèyàn fọhùn títí yóò fi sọ orúkọ náà sínú ohun alààyè mìíràn, nítorí ẹnu rẹ̀ ni orúkọ náà wà. Ó tẹ̀ ba ọpọ́n títí imú rẹ̀ fi kan omi.

"Ọmọ mi," ló wí. "Ọkọ mi. Àkàndá mi tí mo bí sórí omi. Fẹ̀yìntọlá, jáde wá."

Ìkarawun náà la ẹnu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ṣe é. Ìyá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó gé iṣan tó de apá méjèèjì, wọ́n sì ya sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́ láìsí ìjà. Ó pa ètè rẹ̀ mọ́ pinpin. Omijé ń ṣàn, ohùn kankan kò jáde.

Wọ́n ṣiṣẹ́ kíákíá. Ìyá lọ mú aṣọ tó fi ń sẹ́ ògì, Jọláadé gún ẹran náà, wọ́n dà á sínú aṣọ, wọ́n ń fi omi òkun sẹ́ ẹ. Omi tó ń kán sínú abọ́ dúdú bí àgbo, ó sì ń dán. Ìyá fún aṣọ náà, ó tún un fún, títí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju èérún lọ. Kò ṣe bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń ṣe é bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹun kó tó lọ sí ìrìn-àjò.

Fèrè dún lẹ́nu-ibodè.

*

Oòrùn ti kan àtàrí. Aláṣejù dúró lórí Ògiri, omi ń kán lára rẹ̀, ìdérí ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Máfimíṣẹbi dúró tì í. Ó wo ọwọ́ Jọláadé, ó rí kẹ́ẹ̀gì kan ní ọ̀tún àti abọ́ ńlá tí aṣọ bò ní òsì. Ó wo ìyá arúgbó tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn lórí afárá, tó fi ọwọ́ di okùn ìdìmú mú, ètè rẹ̀ pa mọ́.

"Ṣé ẹ ti ha á?"

"Rárá, ọ̀gá."

Ó dà kẹ́ẹ̀gì sínú ikùn ẹ̀rọ náà. Omi Àlejò Kìíní pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí aṣọ lórí abọ́.

"Aṣógiri." Ohùn Máfimíṣẹbi lọ sílẹ̀ gan-an. "Ẹ gbé abọ́ yẹn sílẹ̀."

"Èkejì ọkọ mi ni. Ẹ lè tú okùn ilé wa bí mo bá dà á tán."

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe? Gbogbo Ògiri ni. Àwọn irú wọ̀nyí kò ní jẹ́ kó ga!"

"Kó kọ́kọ́ wà láàyè ná, ọ̀gá. Ta ló ń wọn òkú bóyá ó ga?"

Máfimíṣẹbi na ọwọ́ mú etí abọ́ náà. Àwọn méjèèjì dì í mú. Omi dúdú náà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín wọn, díẹ̀ sì ta sórí àtàǹpàkò rẹ̀, àtàǹpàkò kan náà tó gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Jọláadé mọ̀ pé bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i, ohun gbogbo ti dà sómi nù.

"Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ gbé tiyín wá lọ́jọ́ ìfọ́," ló wí kíákíá. "Abẹ́ ilé wa ni omi ọjọ́ náà gbà kọjá. Èyí la ẹnu, ó gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ìdí tó fi dà bí ọjà. Ìdí nìyẹn. Tiyín náà wà nínú abọ́ yìí."

Ọwọ́ Máfimíṣẹbi kò kúrò lára abọ́. Ṣùgbọ́n kò fà á mọ́. Ó ń wo omi náà, ojú rẹ̀ sì ti di ojú ọmọ Ìyá Aranwọ̀n tí gbogbo ìlú mọ̀ kó tó wọ aṣọ Ìgbìmọ̀.

"Ta ló gba orúkọ mi padà lẹ́nu rẹ̀?" ló béèrè. "Lọ́jọ́ yẹn. Màámi ti kú. Mo kàn gbé e lé òkúta ni."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí ẹni tó mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ìyá Fẹ̀yìntọlá kọjá láàárín wọn. Ó yọ ọwọ́ Máfimíṣẹbi kúrò lára abọ́ náà ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹní gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ láìfẹ́ kó sunkún. Jọláadé da abọ́ náà sínú ikùn Aláṣejù. Àwọ̀ pípọ́n náà yí, ó di tábà.

Ìyá náà tẹ̀ ba ẹnu ikùn ẹ̀rọ.

"Fẹ̀yìntọlá," ló wí sínú omi alààyè náà. Ó dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé orí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wo olùbẹ̀wò náà. Ààyè ló ń fún un.

Máfimíṣẹbi wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó wo ilé Jọláadé àti àwọn okùn tó so ó mọ́lẹ̀. Ó wo Ògiri tó funfun lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà Ìgbìmọ̀ kúrò lórí, ó tẹ̀ ba ibi tí ìyá náà ti dìde.

"Ìbíyẹmí," ló wí. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ nìyẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ó dé ìdérí náà, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn. Aláṣejù gbọ̀n, ó wọ inú omi lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wo iná rẹ̀ bó ṣe ń rìn lábẹ́ omi, tó ń tú omi dúdú sára iyùn funfun. Nígbà tó dé abẹ́ ilé, níbi àwọ̀ tábà, ó dúró. Apá tó ń jó nǹkan gbéra. Apá náà wà lókè, ó wà lókè, ó sì padà sílẹ̀. Iná náà kọjá lọ sí apá ti Ìyá Mọ́jọyìn.

Ìyá Fẹ̀yìntọlá mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ mú ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ṣì ń rùn bí òkun.

"Wá, ìyàwó mi," ló wí. "Ká lọ sílé, ká lọ sunkún ọkọ rẹ."